Kúbùsù Mẹ́ta Lẹ́yìn Mosa

Tẹ́lẹ̀, kí Ìyá Lebona tó jáde tán lẹ́nu ilẹ̀kùn ni Mosa ti máa ń rìn bọ̀ wá pàdé rẹ̀ létí ọgbà, tí yóò máa fi imú wá ọwọ́ rẹ̀ kiri bóyá hóró àgbàdo wà níbẹ̀. Abo ẹṣin pupa ni. Irun rẹ̀ kúnná, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé eṣinṣin kan ṣoṣo tó bà á lẹ́yìn máa ń mú gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Mosa, tó túmọ̀ sí inú rere lédè wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìyá náà gbé gàárì jáde. Mosa rí i. Ó da etí méjèèjì sẹ́yìn, ó sì kọ ìdí sí i.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Lebona wí. "Kí ni mo ṣe fún ọ gan-an? Àbí o fẹ́ kí n fi orúnkún yìí gun òkè dé kílíníìkì?"

Òdìkejì òkè ni kílíníìkì wà. Níbẹ̀ ló ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún rẹ̀ kò sì lè gbé e débẹ̀ mọ́. Mosa ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí Mosa, kò sí oògùn.

Ó tẹ́ kúbùsù kan sí ẹ̀yìn ẹṣin náà, ó ká òmíràn lé e. Nígbà tó rí bí awọ ibẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, àánú ṣe é. Ó wọlé lọ mú kúbùsù ìgbéyàwó rẹ̀, èyí tí kì í dà bora àfi lọ́jọ́ ìsìnkú tàbí lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó ká òun náà lé e. Lójú tirẹ̀, ibi tó bá ń dunni, nǹkan rírọ̀ là ń fi tì í. Ó gbé gàárì lé gbogbo rẹ̀, ó sì fa ọ̀já rẹ̀ le gan-an kó má baà máa yẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò ni Mosa ti ta gìrì. Ó tàpá sẹ́yìn, ó sì gbọn ìyá náà dànù sínú koríko. Inú bí Ìyá Lebona, ó mú pàṣán, ó nà án. Lẹ́yìn náà ló tiro padà sílé, ó ń fa ẹṣin lọ́wọ́, kò sì rí oògùn gbà.

Sekake, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, gbọ́, ó sì gun ẹṣin tirẹ̀ wá kí i. Ẹṣin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gàárì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fẹ̀ jù ú lọ. Gbogbo ìgbà ni Sekake máa ń sọ̀ kalẹ̀ tún un ṣe.

"Ẹ kú ewu, ìyàwó wa," ni Sekake wí. "Ẹ jẹ́ ká ta ẹṣin yìí. Àwọn tó ń ra ẹran ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

"Kí wọ́n lọ pa Mosa jẹ?"

"Ẹṣin tó ń gbé olówó ẹ̀ ṣánlẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

"Ọkọ mi, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mo ti rọra tó. Bẹ́ ẹ bá tún ṣubú, ṣé èmi ni kí n ránṣẹ́ sí Lebona ní Johannesburg pé ẹṣin ló pa ìyá ẹ̀?"

Ẹ̀rù ń ba Ìyá Lebona lóòótọ́, ó sì ń dùn ún pé ẹ̀rù ń bà á.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, Nthatuoa dé ọgbà ẹran baálẹ̀ láti fún àwọn àgùntàn lábẹ́rẹ́. Dókítà ẹran ni obìnrin náà, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Sekake kó àgùntàn tirẹ̀ wá. Ìyá Lebona di Mosa ní gàárì, ó fà á lọ síbẹ̀.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi fún ẹṣin yìí lábẹ́rẹ́ kí orí ẹ̀ wálẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n wo ẹ̀yìn ẹ̀ ná, ìyá. Orí kọ́ ló ń ru gàárì."

Nthatuoa tú ọ̀já, ó sì ṣí àwọn kúbùsù náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gegele tó wà láàárín èjìká Mosa, irun ti re, awọ ti bó, ojú kan sì wú. Irun funfun ti hù láwọn ibòmíràn láàárín irun pupa.

"Funfun yẹn ò ṣe nǹkan kan," ni Sekake wí. "Àmì ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́ ni. Gbogbo ẹṣin bàbá wa ló ní i."

"Àpá ni, bàbá. Ibi tí gàárì bá ti tẹ awọ pa ni irun funfun ti ń hù. Bí gbogbo ẹṣin bàbá yín bá ní i, a jẹ́ pé gbogbo wọn ló jẹ̀rora."

Nthatuoa yíjú sí Ìyá Lebona.

"Kí lẹ ń fi sójú egbò yìí?"

"Ọ́ìlì ọkọ̀," ni Ìyá Lebona dáhùn. "Òun ni gbogbo wa ń lò. Mo sì ń fi kúbùsù kún un, ọmọ mi. Títí kan ti ìgbéyàwó mi."

"Ìyá, bí bàtà bá fún yín, tí ẹ wá wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ńkọ́?"

Ìyá náà ronú díẹ̀. "Á tún fún mi sí i ni."

"Ohun tó ń ṣe Mosa nìyẹn. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀, tí à ń pa làpálàpá."

Nthatuoa rọra gbé gàárì náà lé e láìsí kúbùsù rárá. Ó ní kí ìyá náà ki ìka bọ abẹ́ iwájú rẹ̀. Ìka kò wọlé. Ó tẹ wáyà kan mọ́ èjìká Mosa títí tó fi gba ìrísí ibẹ̀, ó sì gbé wáyà náà sábẹ́ gàárì. Wáyà fẹ̀, gàárì há.

"Ẹṣin wo ni wọ́n ṣe eléyìí fún?"

"Ẹṣin olóògbé ọkọ mi. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyẹn." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Gàárì ọkọ mi ni. Mo ní mi ò ní jẹ́ kó jókòó lásán."

Nthatuoa kò kánjú. "Mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Mosa ò mọ bàbá. Ìrora nìkan ló mọ̀."

Ìyá Lebona rántí pàṣán tó fi nà án létí odò. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹṣin náà.

Sekake fa ẹṣin dúdú tó gùn wá síwájú. "Dókítà, ẹ bá mi fi wáyà wo tèmi náà."

Wọ́n wò ó, wọ́n sì pààrọ̀ gàárì méjèèjì. Gàárì olóògbé jókòó sẹ́yìn ẹṣin dúdú náà dáadáa. Wọ́n gbé gàárì Sekake lé Mosa, ìka wọ abẹ́ rẹ̀ fàlàlà, ìmọ́lẹ̀ sì là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn lókè eegun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ó dáa," ni Nthatuoa wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní. Kò gbọ́dọ̀ ru nǹkan kan títí egbò yìí á fi jinná, tí irun á sì hù."

"Oògùn mi ńkọ́?" ni Ìyá Lebona béèrè.

"Ẹ óò gun tèmi lọ," ni Sekake wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ṣebí gàárì ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí ẹ̀ báyìí."

Nígbà tí àwọn tó ń ra ẹran fi máa dé lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá náà ti kọjá odò lórí ẹṣin dúdú, ó jókòó sínú gàárì ọkọ rẹ̀. Mosa ń jẹko lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹṣin, pàápàá èyí tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ gbọ́. Kí ẹ tó ra gàárì tàbí yá a, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn ẹṣin láìsí kúbùsù, kí ẹ fi ìka wò ó. Kò gbọ́dọ̀ kan eegun ẹ̀yìn, kò sì gbọ́dọ̀ fún èjìká pọ̀. Kúbùsù kan tó mọ́, tí kò ká jọ, ti tó. Ẹ fa iwájú kúbùsù náà sókè díẹ̀ sínú ihò tó wà lábẹ́ iwájú gàárì kó má baà tẹ gegele èjìká. Òógùn tó gbẹ mọ́ kúbùsù máa ń họ awọ, nítorí náà ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nu ẹ̀yìn ẹṣin kí ẹ tó dì í. Bí ẹ bá tú gàárì, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ tutù fún òógùn àmọ́ tí ojú kan gbẹ, ẹ fura, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni gàárì ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Omi iyọ̀ tí ẹ ti sè tó sì ti tutù ni kí ẹ fi fọ egbò, kì í ṣe ọ́ìlì ọkọ̀. Bó bá wú, tó gbóná tàbí tó ń ṣọyún, ẹ pe dókítà ẹran.

Bí ẹṣin yín bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í da etí sẹ́yìn nítorí ó rí gàárì, ẹ má tíì mú pàṣán. Ẹ ṣí kúbùsù, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mosa tún ti ń wá pàdé Ìyá Lebona létí ọgbà báyìí, irun funfun wà léjìká rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́.