Wáyà Kékeré Tí Àbúrò Gé

Páláyà ni àbúrò fi gé wáyà náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ pe ìyá wọn wá wo rédíò tó tò fún ìdíje ilé-ìwé.

Rédíò àtijọ́ onífáàfù ni ìyá wọn ń tún ṣe jẹun. Òun ló kọ́ àwọn méjèèjì pé àwọ̀n tín-ín-rín kan wà nínú fáàfù, ìgò onígíláàsì tó ń sọ ohùn rédíò di ńlá. Ibẹ̀ ni ohùn ń gbà wọlé, iná òdì díẹ̀, ìyẹn nẹ́gátíìfù, ló sì ń kó o níjàánu. Bí wáyà kékeré tó ń gbé iná òdì yẹn wá bá já, iná ńlá yóò ya lu fáàfù.

Àbúrò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wáyà yẹn gan-an ló sì gé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan tí gbogbo ilé ń yìn ló ń dùn ún.

Nígbà tí ìyá wọn dé, ẹ̀gbọ́n tan súìṣì. Orin há, ó ń han gooro. Páànù inú fáàfù pọ́n bí ẹyin iná, gíláàsì bẹ́, àfọ́kù kan sì la ẹ̀gbọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rí wáyà tó já, ó rí páláyà lọ́wọ́ àbúrò. Ó gbá a létí. Àbúrò gé e jẹ léjìká, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Apá ẹ̀gbọ́n já sínú rédíò tó ṣí sílẹ̀, iná sì gbé e.

Eyín rẹ̀ pa pọ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Àbúrò fẹ́ fà á.

“Má fọwọ́ kàn án,” ni ìyá wọn wí.

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni púlọ́ọ̀gì wà, ọwọ́ kò lè tètè dé ibẹ̀. Ìyá gbé àpótí onígi tí iná kì í gbà kọjá, ó là á mọ́ apá ọmọ rẹ̀ kó lè já kúrò nínú rédíò. Egungun ró. Ẹ̀gbọ́n ṣubú, ó ń mí.

“Màámi, ẹ ti ṣẹ́ wọn lápá,” ni àbúrò ké.

“Mo mọ̀. Apá ṣeé tò, òkú ò ṣeé jí.”

Wọ́n to apá náà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìka méjì tí iná jó kò ká mọ́.

“Mo fẹ́ kí rédíò yẹn bàjẹ́ ni,” àbúrò ń sunkún. “N ò fẹ́ kó pa yín.”

“Ìgbájú tèmi náà wà ńbẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n fèsì. “Ṣùgbọ́n má tíì bẹ̀ mí. Ó ṣì ń dùn mí.”

Láràárọ̀ báyìí, àbúrò ló ń bá a de bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé. Ìlara kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró: wáyà lásán ló fẹ́ gé, ọwọ́ ọmọ ìyá ẹ̀ ló bàjẹ́.