Ìkíni Òwúrọ̀

"Jùbrílù ò tíì kọjá?"

Ìgbà kẹta tí ìyá àgbà béèrè láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú ilé ní Akínyẹlé, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Moniya. Àdúràọlá, ọmọ ọmọ wọn, ń gbálẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé Jùbrílù ò ní í kọjá.

Ọmọlanke ni Jùbrílù fi ń kiri àlùbọ́sà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìyá àgbà fi gbé Kánò, Haúsá sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Láràárọ̀ ni àwọn méjèèjì ń kí ara wọn, tí wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ànúolúwapọ̀, ọmọ kíláàsì Àdúràọlá, ló kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ pè é ní "Ọmọ Gàmbàrí" ní iléèwé. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn, ojú sì ń tì í.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àdúràọlá dá Jùbrílù dúró lójú ọ̀nà, ó ní dókítà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́. Irọ́ ni. Ọkùnrin náà ní kó bá òun kí màmá, ó yí ọmọlanke rẹ̀ padà.

Inú Àdúràọlá dùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ilé wá dákẹ́ jù. Ìyá àgbà tó máa ń ṣi orúkọ pè tẹ́lẹ̀ ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù lẹ́nu wọn.

Ó mú wọn lọ sílé ìwòsàn, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé Yorùbá àti Haúsá ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ kan kíyè sí i pé ọpọlọ ẹni tó ń lo èdè méjì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣàárẹ̀, torí ìgbà gbogbo ló ń ṣa ọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe oògùn o, ṣùgbọ́n kò dáa kí èdè kejì dákẹ́.

"Ta ló ń bá màmá sọ Haúsá báyìí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.



Àdúràọlá wá Jùbrílù dé ọjà Moniya. Ọkùnrin kan tó jókòó ti àlùbọ́sà, Sàníù, sọ fún un pé ọ̀rẹ́ òun ti padà sílé lókè Ọya, kò sì sọ ìgbà tó ń bọ̀. Àdúràọlá bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ òun ní ìkíni Haúsá. Sàníù kọ́ ọ ní méjì, ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Wọ́n ti dàpọ̀ mọ́ ọn lórí kó tó délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ina wuni?"

Ìyá àgbà wò ó títí.

"Ṣé ọ̀sán ti pọ́n ni? Ina kwana là ń kí láàárọ̀. Ta ló kọ́ ẹ ní ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́ báyìí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí Àdúràọlá ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Omi bọ́ lójú òun náà.

"Èmi ni mo lé Jùbrílù, Màmá."

Ìyá àgbà kọjú sí ọ̀nà.

"Tún kí mi," ni wọ́n wí.

Àtìgbà náà, láràárọ̀ ló ń kí wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ò rántí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á dáhùn pé àlàáfíà ni: "Lafiya lau." Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á jọ máa wo ọ̀nà Moniya. Àdúràọlá ti mọ̀ báyìí pé ohun tó ń ti òun lójú lára ìyá àgbà ni okùn tó so wọ́n mọ́ òun. Òun ló já a, òun náà ló sì ń so ó, ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́.