Àwo Oúnjẹ Ìyá Ẹ̀yìnkùlé

"Ta ló gbé oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn fún un?"

Bàbá kan nínú àwọn tó wá kẹ́dùn ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀. Gbogbo ojú yí sí ọ̀nà kíṣìnnì, níbi tí Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ti ń fọ àwo. Ọ̀gá télọ̀ tó kú náà jí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó lo oògùn rẹ̀, ó jókòó sídìí maṣíìnì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi máa dé lọ́sàn-án, ó bá a ní dídojúbolẹ̀ sórí aṣọ tó ń rán. Òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbindin, ẹ̀mí sì ti bọ́.

Àbúrò bàbá télọ̀ ni Ìyá Ẹ̀yìnkùlé. Òun ló tọ́ télọ̀ àti àbúrò rẹ̀, Wẹ́dà, dàgbà. Òun ló ṣì ń se oúnjẹ gbogbo ilé. Kò bímọ rí. Ìyẹn nìkan tó àdúgbò í sọ.

"Ẹni tí kò bí, tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, kí ló ń tọ́jú wọn dè?"

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Wẹ́dà náà fínra bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oògùn kan náà ni wọ́n ń lò: hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, opó télọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má fẹnu kan oúnjẹ ìyá yẹn mọ́. Ẹ ṣáà máa lo oògùn yín."

Wẹ́dà gbọ́. Láràárọ̀, yóò gba àwo, yóò dúpẹ́, yóò sì lọ dà á sẹ́yìn ògiri. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí irin ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń gbọ̀n tó ni ẹ̀rù ìyá náà ń bà á tó. Ẹyẹ dúdú sì ń tò sórí ògiri, nítorí oúnjẹ ọ̀fẹ́ kì í ṣàìrí oníbàárà.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àlejò mi," Ìyá Ẹ̀yìnkùlé kí àwọn ẹyẹ náà níjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

Opó gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Kó tó dọ̀la, àdúgbò ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n kó ẹrù ìyá náà síta.

"Wẹ́dà, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ lọ bi bùrọ̀dá mi," Wẹ́dà ní. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí tó kù, ló bá ṣubú lulẹ̀.

"Ojú lásán ni ìyá yìí fi wò ó o!" opó figbe ta.

Nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá iwájú sáré jáde. Ó fọwọ́ kan ọrùn Wẹ́dà. "Ṣúgà dà?"

"Ṣúgà kẹ̀? Èyí tí dókítà ní kò gbọdọ̀ sún mọ́?" opó ní.

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ti po ṣúgà sómi dé. Opó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ pa ẹ̀gbọ́n tán, ẹ tún fẹ́ fi ife pa àbúrò lójú wa?"

"Fi wọ́n sílẹ̀!" nọ́ọ̀sì ní. "Ó ṣì lè gbé e mì."

Nọ́ọ̀sì gba ife, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, Wẹ́dà lajú bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Mo ṣáà lo oògùn."

"Oògùn tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀! Tí kò bá bá oúnjẹ nínú yín, kí lẹ fẹ́ kó fà?"

Inú opó kò tíì rọ̀. "Ẹ ò mọ ìyá yìí, nọ́ọ̀sì. Èmi gan-an ni mo dá ọkọ mi lẹ́kun oúnjẹ wọn. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi fẹnu kàn án, síbẹ̀ wọ́n rí i pa!"

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé jókòó wọ̀ọ̀ sórí ẹrù rẹ̀.

"Ìyàwó wa," nọ́ọ̀sì rọ ohùn sílẹ̀, "kí ló wá jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú?"

Opó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Omi," ó ní. "Omi tí mo bù fún un, pé kó fi lo oògùn."