Ìtọ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2017, ọ̀gá aláró kan kú. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló pa á.

Ilé-iṣẹ́ òwú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń rẹ òwú sínú aró pupa. Nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wọn aró rí i.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ nìyẹn."

"Ogún ọdún ni mo ti ń fa òórùn aró pupa símú. Ṣé o fẹ́ kí n máa tọ wàrà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí ẹ sì wá Ọlọ́run."

"Ìyàwó mi ń gbàdúrà. Tirẹ̀ tó fún àwa méjèèjì."

Dókítà fún un ní ike. Ó ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ máa ń tú àwọn purotéènì kan sínú ìtọ̀. Àwọn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó wà, àti bóyá yóò le. Ẹ̀rù ba ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé ìtọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ ní balùwẹ̀ fún àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ. Ọkọ da ìdajì rẹ̀ sínú ike tí dókítà fún un.

Wọn kò rí nǹkan kan. Ó gbé ìwé èsì náà kọ́ sára ògiri níbi iṣẹ́.

"Ẹ wá wo òkú tí ẹ fẹ́ sin."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ìtọ̀ ọ̀gá há. Tirẹ̀ gan-an ni wọ́n yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Purotéènì náà pọ̀ jọjọ. Jẹjẹrẹ ti kọjá àpò ìtọ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn wá bi í léèrè.

"Ìtọ̀ ìyàwó yín lẹ gbé fún dókítà. Àdúrà ìyàwó yín náà lẹ fẹ́ gbé fún Ọlọ́run?"

Ọ̀gá kọjú sí ògiri. "Kò sí nǹkan mímọ́ kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè gbé fún un."

"Kò bèèrè mímọ́. Jésù ti ta ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí yín. Ọkàn tiyín ni kẹ́ ẹ gbé wá, bó ṣe dọ̀tí tó."

Ó gbé e wá, tẹkúntẹkún. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ ìwé èsì yẹn wá. Ó kọ nǹkan sí i, ó ní kó dá a padà sára ògiri.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá, Jésù yín kò mà wò yín sàn."

"Èmi ni mo pẹ́, òun kò pẹ́. Bó wò mí, tirẹ̀ ni mí. Bí kò wò mí, tirẹ̀ náà ni mí. Ẹ sọ fún jẹjẹrẹ pé ara nìkan ló rí gbà."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ìgbàgbọ́ ta lo gbé lọ́wọ́? Ti ìyá rẹ? Ti aya rẹ? Ìwọ nìkan ni a óò yẹ̀ wò lọ́jọ́ ìdájọ́. Ronú pìwà dà lónìí. Bí ìtọ̀ rẹ bá sì ń pọ́n, lónìí kan náà ni kí o lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí ọ̀gá fi sílẹ̀ nìyí: ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì. Bàtà rọ́bà tó pọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Bíbélì tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ta pupa sí. Àti ìwé èsì kan lára ògiri, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí pé: Kì í ṣe tèmi.