Ẹni Kẹta Tó Gbọ́ Ẹnà

Ẹ má pè é ní àlọ́. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń ránṣọ títí dòní, orí rẹ̀ sì pé.

Aránṣọ ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ tí kò jẹ́ kó mí. Ọkọ yìí ti ṣe nǹkan sí fóònù ìyàwó rẹ̀. Ohunkóhun tó bá fi sọ, etí ọkọ ló ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi padà sí ẹnà tí wọ́n ń fi ṣeré lọ́mọdé. Wọ́n á mú ìró kékeré kan, wọ́n á máa há a sáàárín ọ̀rọ̀. "Mo ń bọ̀" á di "Mofe ńfe bọ̀fe." Wọ́n á sì máa sáré sọ ọ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìró yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, wọn kì í fẹnu pè é. Tí àbúrò bá gbé ọmọ wá wọ̀n nílé ìwòsàn lọ́jọ́rú, tí ọkọ dúró nínú mọ́tò níta, aránṣọ á ti dúró dè é nínú lọ́hùn-ún, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Àbúrò á wò ó. Aránṣọ á fi itọ́ nù ún.

"Kó máa gbọ́," ni àbúrò wí, ó rẹ́rìn-ín. "Etí ẹ̀ á wú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò pè. Ó fi ẹnà sọ pé òun ti palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ aago mọ́kànlá lòun àti ọmọ máa wọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohùn kan dá sí i. Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ẹnà kan náà. Kọ́kọ́rọ́ kan náà.

"Má wọ ti mọ́kànlá."

Aránṣọ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ̀yin ni."

Lọ́jọ́ kejì, nílé ìwòsàn, wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Iwájú àbúrò gan-an ni aránṣọ ti ronú kàn án. Ó kọ ọ́, ó nù ún. Ẹnikẹ́ni ò lanu.

Nígbà tí àbúrò pè lọ́sàn-án, ohùn náà ló ṣáájú wọn sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tuntun wà lẹ́nu rẹ̀.

"Aago mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

"Bó bá jẹ́ pàkúté ńkọ́?" ni aránṣọ fi ẹnà bi àbúrò rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ọkọ mi ni, kò ní kìlọ̀ fún mi. Màá lọ."

Lọ́jọ́bọ̀, aránṣọ jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí àbúrò fi wọlé tòun tọmọ, bàtà ẹsẹ̀ kan. Lọ́sàn-án ni wọ́n gbọ́ pé ọkọ wà ní ibùdókọ̀ láago mọ́kànlá, òun àti ọkùnrin méjì, tí wọ́n ń yọjú sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní ó ti parí. Wọ́n pa ẹnà tì.

Lọ́sẹ̀ kejì, fóònù aránṣọ dún. Kò gbé nọ́ńbà kankan wá. Ohùn náà ni, ẹnà ló ń sọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ dákun, ẹ má fi ẹnà sọ ọ́ mọ́," ni aránṣọ bẹ̀ ẹ́.

Ó tún un sọ, bákan náà.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ "fe", wọ́n yọ "ga", wọ́n yọ gbogbo ìró tí wọ́n mọ̀. Kò já sí ọ̀rọ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń pè báyìí. Kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Lánàá, ṣe ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí ẹni tí àkókò fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kì í fi ẹnà pè: orúkọ ọmọ náà.