Ohùn Inú Yàrá Faransé

Bí Hàlímọ̀ ṣe bọ́ sínú yàrá ni Bólúwadúró, ọ̀rẹ́ rẹ̀, rọra pa fèrèsé dé láti ìta.

"Ṣe kíá," ló wí. "Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìbéèrè ìdánwò wà. Fi fóònù yà á."

Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé ní ilé-ìwé wọn n'Ígbó-Ọrà ṣókùnkùn, ó sì tutù bí ilé àhoro. Láti ìgbà tí Màdáámù Abíọ́nà, olùkọ́ wọn, ti kú, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn gbẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń pín ọ̀rọ̀ Faransé, ṣì wà lára pátákó. Kò sẹ́ni tó láyà láti nù ún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé-ìwé fi kó ìbéèrè pamọ́ síbẹ̀.

Hàlímọ̀ na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Par-lons," ni ohùn kan wí jẹ́jẹ́. "Bí ẹnu ṣe pín in nìyẹn, sílébù méjì. Ìtumọ̀ ńkọ́, Hàlímọ̀? Ibo ló ti gé e?"

Orí rẹ̀ wú. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn. "Parl-ons, mà. Parl ni ìpìlẹ̀, òun ló túmọ̀ sí sọ̀rọ̀. Ons ló fi hàn pé àwa là ń sọ ọ́."

"Finissons ńkọ́?"

"Ẹnu á pe fi-nis-sons. Ìtumọ̀ á pín in sí finiss-ons. Finiss ló túmọ̀ sí parí."

Nígbà tí Hàlímọ̀ yíjú padà, Màdáámù Abíọ́nà ló jókòó sórí àga nínú kọ̀rọ̀ kan, tó ń wò ó. Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ṣubú lulẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí. "Kì í ṣe ẹni tí o rò ni mí. Èmi ni Kẹ́hìndé olùkọ́ yín, láti Ìdèrè. Ẹrù rẹ̀ ni ọ̀gá yín ní kí n wá kó. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀yin lẹ bi mí."

Obìnrin náà mi orí. "N ò lanu. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn. N ò gbọ́ Faransé rárá."

Ó wo pátákó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Bólúwadúró ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Hàlímọ̀ kò sá. Ó bá obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó wá ṣe àti ohun tó gbọ́.

"Gbogbo ohun tí o dáhùn yẹn ló wà nínú ìdánwò," ni ọ̀gá wí. "Ohun tí o ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò rẹ ló wà."

Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kó ṣe ìdánwò náà. Òdo ló gbà ní Faransé ní táàmù yẹn, ìyá rẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn kan ní Màdáámù ló sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní ẹ̀kọ́ tó ti wọ ọmọ náà lára ló ń fọhùn. Hàlímọ̀ kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan dá a lójú: ẹni tó ti làágùn kí ó tó ní ìmọ̀, tó bá tún lọ ń jí ìdáhùn kiri, ara rẹ̀ ló ń jà lólè.