Ìkòkò Òjé Ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n

Ta ni kò mọ Fàòsíyà Olójèé ní Ìremọ, ní Ilé-Ifẹ̀? Òun ló ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, tó ń yọ́ òjé inú rẹ̀ tà fún àwọn ọdẹ Ìpetumodù tó fi ń rọ ọta ìbọn. Ó sanra, ó lóhùn, ó sì mọ bí a ti ń fi ara ẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá fẹ́ dìde lórí àpótí, á ní, "Ẹ dúró ná, ìdí mi ń bọ̀ lẹ́yìn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1996, Lágúnjú agbaṣẹ́ṣe bá a nídìí iná.

"Ìyá Olójèé, ẹ kú iṣẹ́ o. Òjé rẹpẹtẹ dé! Ìkòkò òjé ńláńlá ló wà nínú ilé tí mo fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n. Ẹ̀yin ni màá kó o fún. Ọmọ yín ló dínà."

"Rídwàn tèmi?"

"Òun náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí n tó lé e dànù."

Rídwàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, oyún sì ti wà níkùn ìyàwó. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kí ni wọn yóò jẹ? Ó wé gèlè, ó wọkọ̀, ó ń bú ọmọ rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ló ni ibẹ̀. Ìtànṣán ni wọ́n ń lò láti fi yẹ páìpù wò, bóyá ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ dára. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n rán Rídwàn, òṣìṣẹ́ wọn, lọ kọ́ bí a ti ń ṣọ́ pàǹtí olóró. Ó ṣèdánwò, ó yege, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, àti báàjì tó ń ka ìtànṣán tó bá bà lé e lára. Nígbà tí Lágúnjú gba iṣẹ́ ilé náà, ó gba Rídwàn kó máa ṣọ́ ibẹ̀ fún òun.

Fàòsíyà bá Rídwàn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Níwájú rẹ̀ ni àwọn lébìrà dúró sí pẹ̀lú òòlù, ọwọ́ wọn lásán, ẹsẹ̀ wọn lásán. Àlàní, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní Ìremọ, wà lára wọn.

"Rídwàn, ṣé o ya wèrè ni?"

"Ìyá mi, ẹ dúró lọ́hùn-ún. Ẹ má sún mọ́ ibí."

"Èmi? Lórí òjé? Òjé tí mo ti ń yọ́ láti ìgbà tí ọmú mi ṣì ń wòkè!"

Àlàní bú sẹ́rìn-ín. Fàòsíyà kọjú sí i.

"Rẹ́rìn-ín dáadáa. Ilẹ̀ ló ń wò báyìí, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́."

Rídwàn kò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe òjé ni mò ń ṣọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Irin kékeré ni, kò tó ọmọ ìka, àmọ́ ìtànṣán olóró ń jáde lára rẹ̀. Ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀. Òjé yẹn ni ògiri ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi sé e mọ́. Ẹ wá fẹ́ wó ẹ̀wọ̀n nítorí kẹ́ ẹ lè ta ògiri."

"Iná mi kò ní pa á ni?"

"Iná kan kò lè pa á. Bẹ́ ẹ bá yọ́ ọ pọ̀ mọ́ òjé, á wọnú ọta ọdẹ, á wọnú ẹran ìgbẹ́, á wọnú ọbẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò ọkùnrin kan hàn wá nílé ẹ̀kọ́. Ó ṣa irú irin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, ó tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Kò pẹ́ tí ìdí rẹ̀ fi ń jẹrà."

Fàòsíyà fẹ́ rẹ́rìn-ín nítorí ìdí tó gbọ́. Àmọ́ ó wo ọwọ́ lásán tí Àlàní fi di òòlù mú.

Bí Lágúnjú ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn. "Ẹ ti bá a sọ ọ́?"

"Òun ló bá mi sọ ọ́." Fàòsíyà fà sẹ́yìn dé ẹnu géètì, ó rọra fìdí lélẹ̀. Ọ̀nà dí pátápátá. "Ẹnikẹ́ni kò ní gbé òjé kọjá níbí."

"Ìyá, ẹ dìde."

"Wá gbé mi. Ọkọ mi gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gún mọ́ títí ó fi kú."

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Lágúnjú kọjú sí Rídwàn. "Ìwọ tó o ní ìwé ẹ̀rí, ṣí i fún wọn!"

"Ìwé ẹ̀rí mi gbà mí láyè kí n ṣọ́ ọ, kí n sì fi ẹ̀rọ wọn ìtànṣán rẹ̀. Kò gbà mí láyè kí n ṣí i. Iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ìyẹn ni."

"Kí wá ni ìwúlò rẹ?"

"Kí n sọ pé rárá."

Àlàní ju òòlù sílẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Lágúnjú ní kí Rídwàn kó ẹrù rẹ̀, òun ti lé e. Rídwàn kò lọ. Ìyá rẹ̀ kò dìde. Àlàní ló sáré lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpetumodù lọ fẹjọ́ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí dé, tàwọn ti báàjì láyà, tàwọn ti ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbé nǹkan lókèèrè. Wọ́n gbé ìkòkò náà lọ láìṣí i. Lágúnjú kò gba Rídwàn padà títí dòní. Fàòsíyà kò rí òjé kankan mú bọ̀ wálé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bẹ́ ẹ bá rí ìkòkò òjé tàbí àpótí irin tó wúwo ju bó ti yẹ lọ, tí àmì dúdú bí apá fáànù mẹ́ta wà lára rẹ̀ lórí àwọ̀ ìyeyè, ẹ má ṣí i, ẹ má tà á, ẹ má yọ́ ọ. Ẹ jìnnà sí i, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò, kẹ́ ẹ sọ fún ọlọ́pàá tàbí ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá ní kẹ́ ẹ gbé e, ẹ bi í pé: ta ló kọ́ wa níṣẹ́ yìí? Ìwé ẹ̀rí wa dà? Báàjì wa dà? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ sọ fún un pé rárá, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè. Iṣẹ́ lè bọ́, a ó wá òmíràn. Bí ọwọ́ bá bọ́, ọjà wo la ó ti ra òmíràn?